Orúkọ Tí Rọra Fi Ń Dán Ẹ̀rọ Wò

Rọra máa ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lára agolo mílíìkì kó tó ṣí i. Kì í ṣe pé ó ń wá nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní ẹnì kan ló jókòó kọ ọ́, nítorí náà ó yẹ kí ẹnì kan jókòó kà á. Ọdún mẹ́fà ni tábìlì mi ti dojú kọ tirẹ̀, mo sì ti mu tíì tí kò ní mílíìkì ju iye tó yẹ ọmọ èèyàn lọ, torí pé n kò lè dúró dè é.

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. Rọra là ń pè é, torí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún gbogbo ayé nìyẹn. Èmi ní tèmi, Kíákíá ló sọ mí, orúkọ náà sì ti mọ́ mi lára. Bí a bá wà lójúkojú, "ẹ" ni mo máa ń lò fún un, torí ó fi ọdún mẹ́rìndínlógún jù mí lọ, ṣùgbọ́n "ó" ni màá lò níbí kí ọ̀rọ̀ lè yára. Ẹnì kan ṣoṣo ni màá bọ̀wọ̀ fún pẹ̀lú "wọ́n" nínú ìtàn yìí, ìyẹn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Àǹtí ni èmi náà ń pè wọ́n.

Ilé ìwòsàn ojú la ti ń ṣiṣẹ́. A kì í ṣe dókítà. Àwa méjì là ń tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà tó ń to orúkọ àwọn tó ń dúró de iṣẹ́ abẹ. Yàrá wa wà lórí ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ibùsùn, nítorí náà ilẹ̀ rẹ̀ máa ń gbóná lábẹ́ bàtà, ife tíì sì máa ń gbọ̀n lórí tábìlì nígbà tí ẹ̀rọ ìfọṣọ bá ń fún omi. Fèrèsé kan ló ní. Ó kọjú sí àgbàlá tí àwọn aláìsàn ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì, báńdéèjì á bo ojú ẹlòmíràn, ẹlòmíràn á di apá ọmọ rẹ̀ mú. Rọra fẹ́ràn fèrèsé yẹn. Ó ní ó dára kí èèyàn máa rí àwọn tí iṣẹ́ òun ń kàn. Èmi máa ń fa aṣọ bò ó nítorí oòrùn.

Ẹni tó bá ń ṣe irú iṣẹ́ wa mọ̀ pé bí èèyàn bá yí nǹkan padà nínú ètò, ó gbọ́dọ̀ dán an wò. Á dá aláìsàn èké kan sílẹ̀, á fún un ní ọjọ́ orí àti ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, á wò ó bóyá ètò náà máa gbà á, lẹ́yìn náà á pa á rẹ́, bó bá rántí. "Ẹnìkan Lásán" ni mo máa ń pe tèmi. Orúkọ Àǹtí ni Rọra máa ń lò. Àǹtí ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Olùkọ́ ni wọ́n, wọ́n sì kọ́ ọ ní ìwé kíkà lórí tábìlì ilé ìdáná, wọ́n á gbé ìka rẹ̀ sábẹ́ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á ní, "Rọra." Lẹ́yìn orúkọ ara rẹ̀, orúkọ wọn ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kọ. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti kan kíbọọ̀dù, orúkọ yẹn náà ló ń jáde.

Láàárín ọdún mẹ́jọ, Àǹtí ti pé igba ọdún ó lé mẹ́ta nínú ẹ̀rọ wa. Wọ́n ti ní ojú mẹ́ta. Wọ́n ti jẹ́ ọkùnrin, wọ́n ti jẹ́ ọmọ tí a kò tíì bí, wọ́n ti kú lẹ́ẹ̀mọ́kànlá, wọ́n sì ń jí lọ́jọ́ kejì fún iṣẹ́ abẹ. Àwọn fúnra wọn mọ̀. Bí Rọra bá délé, wọ́n á ní, "Kí ni mo dà lónìí?" Á sọ fún wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Nígbà tó yá, ojú náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọ́n ní òótọ́. Ti ọ̀tún dà bí gíláàsì fèrèsé ilé ìwẹ̀. Ti òsì ló burú jù: dókítà ní ìfúnpá ń ga nínú rẹ̀, òògùn tí wọ́n ń kán sí i nìkan ló ń dá a dúró, bó bá sì pẹ́ jù, ohun tó bá lọ nínú ìríran rẹ̀ kò ní padà wá mọ́. Àǹtí forúkọ sílẹ̀ lójú wíńdò bíi gbogbo èèyàn, wọ́n sì dúró fún oṣù mẹ́rìnlá. Rọra ní kọ́kọ́rọ́ sí gbogbo ìlà inú àkójọ yẹn. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tí kò kàn gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ síwájú.

"Àwọn tó wà níwájú wọn náà ní àbúrò," ló wí, ó sì padà sídìí agolo mílíìkì rẹ̀.

Níkẹyìn, ó kàn wọ́n. Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún, aago mẹ́jọ àárọ̀. Rọra kọ ọ́ sórí bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn fíríìjì wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò lè kà á.

Àsìkò yẹn ni Ọ̀gá ti ìpàdé kan dé, ó ní ó yẹ kí a so Akọ̀wé mọ́ àwọn sáfà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Nínú ètò tí a fi ń kọ kóòdù, ẹ̀rọ amòye kan wà níbẹ̀ tí èèyàn lè bá sọ̀rọ̀: o sọ ohun tí o fẹ́, á bá ọ kọ ọ́. Akọ̀wé là ń pè é. Ṣùgbọ́n Akọ̀wé kò mọ̀ ju ohun tó wà lójú ìwé níwájú rẹ̀ lọ. Bí o bá fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ dé ibòmíràn, wàá so ó mọ́ sáfà kan, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń tọ́jú nǹkan fún àwọn yòókù, tó ní irinṣẹ́ tirẹ̀. Wàá kọ orúkọ sáfà náà, ibi tó wà àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú fáìlì kan, ìlà mẹ́ta péré, ó parí. Mẹ́ta la so ó mọ́: èyí tó mú àkójọ orúkọ lọ́wọ́, èyí tó ní kàlẹ́ńdà yàrá iṣẹ́ abẹ, àti èyí tó ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù àwọn aláìsàn. Láti ọjọ́ náà, Akọ̀wé lè ka orúkọ, ó lè kọ orúkọ, ó lè pa orúkọ rẹ́.

Àmọ́ àwọn tó ṣe é ti rí i pé kò gbọdọ̀ lo irinṣẹ́ kankan láìbéèrè. Á dún, tín, á kọ ohun tó fẹ́ ṣe sójú kọ̀ǹpútà, bọ́tìnnì mẹ́ta á sì wà lábẹ́ rẹ̀: "Kọ̀", "Gbà lẹ́ẹ̀kan", "Gbà nígbà gbogbo".

Mo so tèmi láàárín ogún ìṣẹ́jú, mo sì tẹ "Gbà nígbà gbogbo" fún sáfà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kan náà, èmi àti Akọ̀wé kọ ohun tí gbogbo ilé ìwòsàn yìn mí fún: bí àyè kan bá ṣófo nínú kàlẹ́ńdà, ètò á mú ẹni tó kàn, á fi í síbẹ̀, á sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ sọ fún un. Ìṣẹ́jú méjì. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ mẹ́ta ni nọ́ọ̀sì fi ń pe èèyàn lórí fóònù. Ọ̀gá pàtẹ́wọ́ fún mi. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ẹsẹ̀ mi kò fẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Rọra lò. Ó ka àpèjúwe irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó bi mí bóyá "yọ kúrò" àti "pa rẹ́" jẹ́ nǹkan kan náà nínú sáfà àkójọ. Mo ní mi ò mọ̀, mi ò sì rò pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Ó kọ̀wé sí àwọn tó ṣe sáfà náà. Wọ́n dáhùn pé kì í ṣe nǹkan kan náà rárá, pé "pa rẹ́" máa ń tú àyè aláìsàn sílẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé òun lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè.

Kò tẹ "Gbà nígbà gbogbo" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí Akọ̀wé bá dún, á gbé ìka lé ojú kọ̀ǹpútà, á máa kà á, ètè rẹ̀ á máa mì, á wá tẹ "Gbà lẹ́ẹ̀kan". Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá á di ti òwúrọ̀ kan. Tín. Ó dákẹ́. Tín. Ó dákẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa bínú sí mi láìpẹ́, ẹ kọ́kọ́ jókòó ti tín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ná.

"Bọ̀dá Rọra, ẹ kúkú tẹ èyí tó kẹ́yìn yẹn, kó máa ṣe é lọ," ni mo wí lọ́jọ́ kan.

"Bó bá ń ṣe é lọ, kí ni èmi wá ń ṣe níbí?"

"Ẹ ó máa ṣe nǹkan mìíràn."

"Bíi kí ni?"

Mo fi ìbínú padà sídìí iṣẹ́ mi.

Ní Ọjọ́bọ̀, tó ku ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Àǹtí, Ọ̀gá ní àwọn olùbẹ̀wò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé, kí a palẹ̀ gbogbo aláìsàn èké mọ́ kúrò nínú àkójọ. Rọra ni iṣẹ́ náà bọ́ sí lọ́wọ́. Ó kó gbogbo orúkọ tí a fi ń dán ẹ̀rọ wò fún Akọ̀wé, tirẹ̀, tèmi àti ti àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣáájú wa, ó ní kó máa wá wọn, kó sì máa pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Orúkọ Àǹtí wà níbẹ̀. Ó mọ̀ dájú pé ọ̀kan nínú àwọn Àǹtí wọ̀nyẹn kì í ṣe èké. Ó kọ nọ́ńbà káàdì wọn sórí bébà kékeré kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí nọ́ńbà yẹn bá jáde, á tẹ "Kọ̀". Ó lè sọ fún Akọ̀wé pé kó fo nọ́ńbà náà, àmọ́ kò sọ ọ́. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n òun lé ẹ̀rọ lọ́wọ́ nígbà tí òun fúnra òun ní ojú.

Ó ti ṣe bí ọgọ́rùn-ún nígbà tí Mátírọ́ọ̀nù ránṣẹ́ pè é sísàlẹ̀ nítorí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tó ń jẹ bébà. Ó dìde. "Rọra o," ló wí fún mi, bó ṣe máa ń wí bó bá ń jáde.

Akọ̀wé dún. Kò rí ẹni dá a lóhùn. Bí kò bá rí ìdáhùn, ó máa ń tún un dún ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Mo ní iṣẹ́ tí mo fẹ́ parí, orí sì ti ń fọ́ mi láti àárọ̀. Nígbà tó dún lẹ́ẹ̀kẹtàlá, mo dìde, mo na ọwọ́ kọjá ife tíì rẹ̀, mo sì tẹ "Gbà nígbà gbogbo". Mo rí bébà kékeré tó lẹ̀ mọ́ etí kọ̀ǹpútà. Mo rò pé nọ́ńbà fóònù ẹnì kan ni. Gbogbo yàrá dákẹ́ rọ́rọ́. Mo jókòó, mo parí iṣẹ́ mi, mo tiẹ̀ ń retí pé ó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ó dé lẹ́yìn ogójì ìṣẹ́jú, dúdú inú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kún ọwọ́ rẹ̀. Ohun tó kà lójú kọ̀ǹpútà ni pé: "Mo ti parí. Mo ti pa orúkọ ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́rìnlá rẹ́." Ó kà á, ó sì ń ka orúkọ wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìka dúdú náà. Mo mọ ìgbà tó débẹ̀, torí ìka náà dúró. Ó wo bébà. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó tún wo bébà.

"Ta ló jókòó síbí?" ló bi mí.

"Kò sẹ́ni tó jókòó," ni mo wí. Òótọ́ ni. Ìdúró ni mo wà.

Kò bi mí mọ́. Ó mú ẹ̀dà àkójọ náà tí ẹ̀rọ máa ń tọ́jú ní àràárọ̀, ó sì dá orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó yára jù lọ tí mo tíì rí lọ́wọ́ rẹ̀. Orúkọ padà sí àkójọ. Àyè ni kò padà. Ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn tí àyè Àǹtí ṣófo, ohun tí mo kọ ti fi ẹlòmíràn síbẹ̀. Àyè tó tún kù nínú kàlẹ́ńdà, ó di ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá.

Kí a tó sọ̀rọ̀, Mátírọ́ọ̀nù ti gòkè wá fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ eékún kì í jẹ́ kó gun àtẹ̀gùn. Ó ní bíríkìlà kan ṣẹ̀ṣẹ̀ pè é láti béèrè bóyá òótọ́ ni àtẹ̀jíṣẹ́ tó wọlé sórí fóònù òun. Ó ti tó ọdún kan tí ọkùnrin náà ti jókòó sílé, torí kò rí ojú okùn mọ́, ògiri tó mọ kẹ́yìn sì wọ́. Ìyàwó rẹ̀ ló ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà fún un, ó ní kó kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

"Ó sunkún sí mi létí," ni Mátírọ́ọ̀nù wí. "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ yìí. Ẹ̀rọ yín dáa." Ó rọra sọ̀ kalẹ̀ padà.

Rọra fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Èmi, tí mi ò lè rí nǹkan tó bàjẹ́ kí n má fẹ́ tún un ṣe, fa kíbọọ̀dù rẹ̀ mọ́ra, mo ní kí Akọ̀wé wá bí a ṣe máa dá Àǹtí padà sí Ọjọ́rú. Rọra ti mú "Gbà nígbà gbogbo" kúrò, nítorí náà Akọ̀wé dún, ó kọ ọ́ sílẹ̀: yóò yọ bíríkìlà, yóò fi Àǹtí síbẹ̀, yóò fi àtẹ̀jíṣẹ́ tọrọ àforíjì ránṣẹ́ sí bíríkìlà. Ó béèrè pé, "Ṣé kí n ṣe é?"

Rọra kà á. Ó gbé ọwọ́ lé máòsì. Lẹ́yìn náà ó ká kọ̀ǹpútà alágbèéká náà pọ̀ láìtẹ nǹkan kan, ó fi í sí abíyá, ó ní, "Kì í ṣe èmi ló máa tẹ èyí."

Ilé Àǹtí kò jìnnà. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la débẹ̀. Wọ́n jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná, ìgò òògùn ojú wà lójú fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n sì gbé etí sókè bí a ti ń wọlé.

"Àbúrò mi nìyẹn," ni wọ́n wí. "Ta lẹlẹ́sẹ̀ wéréwéré tó tẹ̀ lé e?"

"Èmi ni, mà. Kíákíá."

"Ẹn-ẹ́n. Mo ti gbọ́ nípa rẹ."

Rọra kò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ló fi orúkọ wọn ṣeré fún ọdún mẹ́jọ, ẹ̀rọ kò mọ èyí tó jẹ́ eré mọ́, òun ló jẹ̀bi, òun nìkan. Kò dárúkọ mi. Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán pátá, kò dárúkọ mi. Kí n má purọ́, mo fẹ́ dákẹ́. Ẹnu mi tiẹ̀ ti pa dé dáadáa. Ṣùgbọ́n ojú Àǹtí, tí kò rí mi, kúrò lára rẹ̀, ó sì dúró sí apá ibi tí mo wà, ara mi kò gbà á mọ́.

"Èmi ni mo tẹ bọ́tìnnì náà, mà."

"Nítorí kí ni?"

"Ó ń dún mà. Ó ń dún sí mi létí."

Wọ́n mi orí. "Kí ló kọ síbẹ̀ nígbà tí o tẹ̀ ẹ́?"

"Mi ò kà á, mà."

Ojú tì mí débi pé mo ń wo ìtẹ́lẹ̀ ilé ìdáná, mo ń ka táìlì rẹ̀. Táìlì mẹ́rìnlélógún ni. Rọra ń wò mí, kò bínú, ìyẹn ló burú jù níbẹ̀.

"Ó dáa," ni Àǹtí wí. "Kí ló kọ síbẹ̀ nísinsìnyí? Kà á fún mi." Rọra ṣí kọ̀ǹpútà, ó sì kà á. "Tún un kà. Rọra." Ó tún un kà. Ibi tó ti dé ọ̀rọ̀ bíríkìlà ni wọ́n ti gbé ọwọ́ sókè.

"Ṣé bíríkìlà yìí ti gbọ́ pé wọ́n ti mú òun?"

"Ó ti gbọ́, Àǹtí mi. Ìyàwó rẹ̀ ló ka àtẹ̀jíṣẹ́ náà fún un."

"Ìyàwó rẹ̀ náà ló máa ka èyí fún un?"

Fíríìjì ń kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, bébà Ọjọ́rú ọjọ́ kejìdínlógún ṣì wà lára rẹ̀.

"Àǹtí mi, ojú òsì yín," ni Rọra wí. "Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ni. Dókítà ní kó má pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n tẹ̀ ẹ́."

"Mo mọ ohun tí dókítà wí, torí mo wà níbẹ̀. 'Kọ̀' dà? Apá ibo ló wà?"

Ó gbé ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń gbé ìka tirẹ̀ nígbà kan rí lórí tábìlì yẹn kan náà, ó gbé e síbi tó yẹ. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Kọ̀ǹpútà dún. Rọra jáde lọ dúró sí ẹ̀yìnkùlé fún ìgbà díẹ̀, èmi àti wọn la sì jọ kù síbẹ̀.

"Ìwọ," ni wọ́n wí. "Ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́wàá. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá. Wàá wá máa kàwé fún mi."

"Ìwé wo, mà?"

Wọ́n fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀ tábìlì náà síta. Gbogbo ìwé pẹlẹbẹ tó ń bá nǹkan wọnú ilé ló wà níbẹ̀: ti ẹ̀rọ ìfọṣọ, ti fóònù, ti àwọn òògùn, ti ilé ìfowópamọ́, lẹ́tà wọn kéékèèké, ìpínrọ̀ wọn gígùn. "Ohun tí mo ti ń fọwọ́ sí láti ọdún méjì nìwọ̀nyí," ni wọ́n wí. "Mi ò mọ ohun tó wà nínú wọn."

Báyìí ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá sáré, wọ́n á kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan, màá padà sórí ìlà náà. Ní Àbámẹ́ta àkọ́kọ́, wọ́n kan tábìlì títí ọwọ́ fi ń dùn wọ́n. Ìwé fóònù nìkan gbà wá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, a débi ìwé òògùn ojú, mo sì ka ibì kan jáde tó ní bí a bá ti ṣí ìgò náà, kò gbọdọ̀ ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ, kò sì gbọdọ̀ sí nínú oòrùn. Mo gbójú sókè wo ojú fèrèsé.

"Ìgbà wo lẹ ti ṣí i, mà?"

Wọ́n rò ó. "Ó ti tó oṣù mẹ́ta."

Mo sáré lọ ra òmíràn. Ìyẹn nìkan ni mo sáré ṣe ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá náà, wọn kò sì kan tábìlì fún mi.

Nígbà tí ọjọ́ pé, nọ́ọ̀sì gbé ìwé ìfọwọ́sí wá lójú wíńdò, ó fi ìka tọ́ ibi tí wọ́n máa fọwọ́ sí lójú ewé kẹta. Mo gbà á, mo bẹ̀rẹ̀ láti ewé kìíní. Àwọn tó wà lẹ́yìn wa ń pòṣé. Ọkùnrin kan bi mí bóyá ibí ni mo fẹ́ sùn. Mo sọ fún un pé kó máa bínú lọ, mo sì ka ewé kejì. Àǹtí béèrè ìbéèrè méjì, nọ́ọ̀sì kò mọ ìkejì, ó ní láti lọ bi dókítà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó fọwọ́ sí i.

Wọ́n tú báńdéèjì ní ọjọ́ kejì. Ojú ọ̀tún mọ́ kedere. Ti òsì ń rí ìmọ́lẹ̀, ó ń rí i bí èèyàn bá kọjá, àmọ́ kò rí lẹ́tà, kò sì ní rí lẹ́tà mọ́. Dókítà wo ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní bóyá òògùn tó ti bàjẹ́ ni, bóyá pípẹ́ tó pẹ́ ni, bóyá ká ní ó yá díẹ̀ ni ì bá ṣeé gbà là, òun kò lè sọ. Gbogbo wa gbọ́ ọ. Mo bú sẹ́kún níbẹ̀, lójú àwọn nọ́ọ̀sì, mi ò sì mọ ibi tí mo fẹ́ gbé ojú sí. Rọra mú aṣọ ìnujú rẹ̀ fún mi, òun náà ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Àǹtí fi ojú ọ̀tún wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ìwọ rèé? Mo rò pé o ga ju báyìí lọ. Bíríkìlà ńkọ́?"

"Ó ti padà síbi iṣẹ́, mà."

"Ó dáa."

Kọ̀ǹpútà tèmi náà ń dún báyìí, tín, láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Ètò oníṣẹ́jú méjì mi ṣì wà, àmọ́ ó máa ń bi nọ́ọ̀sì kan léèrè kó tó mú ẹnikẹ́ni. Ó ti di ti wákàtí méjì, kò sì sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Aṣọ ojú fèrèsé wà ní ṣíṣí. Rọra kò lo orúkọ Àǹtí mọ́. Orúkọ mi ló fi ń dán ẹ̀rọ wò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo pé ẹgbẹ̀rún ọdún, wọ́n sì fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún mi lọ́jọ́ tí kò sí nínú kàlẹ́ńdà.

Ní Àbámẹ́ta kejìlá, kò sẹ́ni tó ní kí n wá. Aago mẹ́wàá lù, mo bá ara mi lẹ́nu ọ̀nà Àǹtí. Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ìwé pẹlẹbẹ ẹ̀rọ ìfọṣọ, èyí tí a kò tíì kà dé, wà lórí tábìlì. Mo na ọwọ́ sí i, wọ́n sì gbà á kúrò lọ́wọ́ mi.

"Jókòó," ni wọ́n wí. "Èmi ni màá kà á fún ọ."

Wọ́n gbé ìka sábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, wọ́n sì ń fi ojú kan ṣoṣo wá ìkejì. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gbà wá ní wákàtí kan ààbọ̀. N kò dìde.